Báwo ni mo ṣe lè mọ irú cigar tí ó bá ẹnu mi mu?

Ọmọ Lísàbí (Èkó)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò tíì béèrè nǹkan kan rí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, n kò mu sìgá oníbébà rí láyé mi, àmọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ti fún mi ní cigar, tábà tí wọ́n fi ewé rẹ̀ wé dípò bébà, níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni ọkàn mi ti ń fà sí i. Ìfarabalẹ̀ inú rẹ̀ ni ó wù mí, pé ènìyàn lè jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan láìgbé fóònù.

Ìṣòro mi ni pé n kò mọ èyí tí mo fẹ́. Mo ti ra oríṣiríṣi ní Victoria Island, dúdú àti pupa, kékeré àti ńlá, bí ẹni tí ń tà á bá ṣe júwe ni mo ṣe ń rà. Lẹ́nu mi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Èéfín ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dé àárín, a bẹ̀rẹ̀ sí í korò. Nígbà mìíràn òòyì a kọ́ mi títí n ó fi lọ dùbúlẹ̀. Àwọn tí a jọ ń jókòó a sì máa sọ pé àwọn ń gbọ́ òórùn igi kédárì, awọ, ṣokoléètì àti kọfí nínú rẹ̀. Ṣé ahọ́n mi ni kò dára ni, àbí ó ní bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ọ? Owó tí ń bá a lọ kì í ṣe kékeré, n kò sì fẹ́ máa ná an sórí ohun tí n kò mọ̀.

Àgbà Peckham (London)

Àbúrò, ahọ́n rẹ kò ṣe nǹkan kan. Bí o ṣe ń fà á ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí o tó dá ewé lẹ́bi. Bí ènìyàn bá ń fa cigar léraléra bí ẹní ń fa sìgá oníbébà, iná rẹ̀ a gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òróró inú ewé náà a jóná, ìkorò ni yóò sì kù sí onítọ̀hún lẹ́nu, ìbáà jẹ́ ewé olówó iyebíye. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan ti tó. Gba èéfín náà sẹ́nu, jẹ́ kí ó kárí ahọ́n, kí o sì tú u jáde. Má ṣe gbé e mì sí àyà rárá. Bí iná bá fẹ́ kú, jẹ́ kí ó kú, gbọn eérú rẹ̀ dànù, kí o sì tún un tàn.

Nikotíìnì ni ó ń kọ́ ọ ní òòyì. Ásíìdì díẹ̀ wà nínú èéfín sìgá oníbébà, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń mu ún fi ń gbé e wọ àyà kí nikotíìnì rẹ̀ tó lè ráyè wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ti cigar kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ inú ẹnu nìkan ti tó láti gbà á wọlé. Nítorí náà, má ṣe fà á nígbà tí ebi bá ń pa ọ́. Jẹun dáadáa ṣáájú, fi omi tútù àti nǹkan dídùn, bí omi ọsàn, sí ìtòsí, bí òòyì bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbé e kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti èyí tí wàá rà, ibi tí ó rọjú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Wá èyí tí ewé ìta rẹ̀ jẹ́ Connecticut, ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀. Abẹ́ aṣọ tí wọ́n nà bo oko ni wọ́n ti ń gbìn ín ní àfonífojì odò Connecticut ní Amẹ́ríkà; wọ́n sì ń gbin irúgbìn rẹ̀ ní Ecuador, níbi tí ìkùukùu ojú ọ̀run ti ń ṣe iṣẹ́ aṣọ náà. Kí ewé inú rẹ̀ jẹ́ ti Dominican Republic, kí ó sì jẹ́ kékeré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní petit corona.

Adé Bódìjà (Ìbàdàn)

Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn. Ẹ sá fún gbogbo èyí tí ewé ìta rẹ̀ bá dúdú, nítorí àwọn ni ó ń kọ́ yín ní òòyì. Ẹ ra ti Kúbà, kí ẹ sì fi wisikí díẹ̀ tì í. Ẹni tí ó bá ti mu ti Kúbà kì í wá òmíràn kiri mọ́.

Ará Ìsẹ́yìn (Òkè-Ògùn)

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ jọ̀wọ́, n kò gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ìdí tábà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ti sìgá oníbébà ni bàbá mi ń gbìn, kì í ṣe ti cigar, ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sára igi tábà ní Òkè-Ògùn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ibòmíràn. Ibi tí ewé ti hù lára igi ni ó ń sọ bí yóò ti le tó. Àwọn ewé ìsàlẹ̀, tí àwọn ará Kúbà ń pè ní volado, kò lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n ń jó geere. Àwọn ti àárín, seco, ni òórùn dídùn wà lára wọn jù. Àwọn ti òkè, ligero, ni oòrùn ń pa jù lọ. Wọ́n nípọn, òróró pọ̀ nínú wọn, wọn kì í tètè jó, àwọn gan-an ni ó sì ń sọ ènìyàn lulẹ̀. Inú cigar ni wọ́n máa ń fi ligero sí, ojú kò sì lè rí i láti ìta.

Èyí tí ó dúdú, tí wọ́n ń pè ní maduro, bí wọ́n ṣe ṣètọ́jú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di dúdú. Wọn a kó ewé náà jọ ní òkìtì ńlá pẹ̀lú omi díẹ̀, ooru inú òkìtì yóò sì máa sè é díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọn yóò máa tú u ká, wọn yóò sì tún máa tò ó. Èyí a máa lé òórùn gbígbóná inú rẹ̀ jáde, a sì máa jẹ́ kí ó dùn sí i. Mo ti rí cigar aláwọ̀ mímọ́ tí ó ń kọ́ àgbàlagbà ní òòyì, mo sì ti rí dúdú tí ó rọ̀ létí ẹnu. Ẹ béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ má fi ti ìta dájọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Tampa)

Ará Ìsẹ́yìn, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un, n ó sì ta ko Bàbá Peckham lórí ohun kan. Kí wọ́n má ṣe bínú sí mi.

Ní ti Kúbà, àwọn oko Vuelta Abajo ní Pinar del Río dára lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Kúbà gba àwọn ilé iṣẹ́ cigar ní 1960, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kó jáde, wọ́n sì lọ bẹ̀rẹ̀ ní Dominican, Honduras àti Nicaragua, pẹ̀lú irúgbìn ilẹ̀ wọn. Láti 1962 tí Amẹ́ríkà ti fi òfin de ọjà Kúbà ni àwa tí a wà níhìn-ín ti ń mu tàwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó ń kọ́ ọ̀ràn yìí lọ́wọ́ kò nílò ti Kúbà rárá, pàápàá ní Èkó tí ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá gbé àpótí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì fún yín pé Cohiba, cigar Kúbà tó lókìkí, ni, ẹ dá a padà láìròó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí èmi àti Bàbá ti yà ni ti bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó rọ̀. Ẹni tí ó ní gbogbo cigar jọ ara wọn lẹ́nu òun, bí ẹ bá fún un ní èyí tí ó rọ̀ jù lọ, èéfín ni yóò tún pè é, yóò sì kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: agbára, ìyẹn nikotíìnì tí ń wọ ara, ìkúnnú, ìyẹn bí èéfín ṣe wúwo lórí ahọ́n, àti adùn rẹ̀ gan-an. Cigar lè lágbára kí ó má sì ní adùn, òmíràn lè kún fún adùn láìlágbára púpọ̀. Ẹni tí ó ń sá fún agbára kò gbọdọ̀ sá fún adùn pẹ̀lú.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ni pé kí wọ́n yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ra èyí tí ó yàtọ̀ ní ewé, ní orílẹ̀-èdè, ní ìwọ̀n àti ní olùpèsè, báwo ni wàá ṣe mọ èyí tí ó mú ìyàtọ̀ wá? Ilé iṣẹ́ Padrón, fún àpẹẹrẹ, ń ṣe cigar rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 2000 ní oríṣi méjì, natural tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀ àti maduro, ìwọ̀n kan náà, láti Nicaragua. Ra ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tí o bá gbọ́ láàárín wọn, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ti ewé ìta ni, o sì ti rí ibi tí wàá dúró lé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kí o wá yí ìwọ̀n padà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i, bí 42 tàbí 50, sísanra rẹ̀ ni: wọ́n pín ínǹṣì kan sí ọ̀nà 64, 50 sì jẹ́ àádọ́ta nínú àwọn ọ̀nà náà. Nínú èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìpín ewé ìta sí ewé inú pọ̀ ju ti èyí tí ó sanra lọ, nítorí náà adùn ewé ìta a máa hàn sí i.

Àgbà Peckham (London)

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí yíyí ohun kan padà. Ṣùgbọ́n Padrón fún ẹni tí òòyì ń kọ́! Ewé Nicaragua tó lágbára ni látòkè délẹ̀. Bí yóò bá gbà á, kí ó mu ìdajì péré, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Nọ́ọ̀sì Abíkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ má bínú pé mo bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ mi ni kí n sọ ọ́, mo sì ní àwọn ènìyàn mi tí ń mu ún. Àìgbé e wọ àyà kò sọ cigar di ohun tí kò léwu. Ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun, ọ̀nà oúnjẹ àti ẹ̀dọ̀fóró. Tábà tí ó wà nínú ọ̀kan tí ó bá tóbi lè tó ti odidi páálí sìgá oníbébà, kò sì sí ìwọ̀n tí a lè pè ní aláìléwu. Ọ̀gbẹ́ni Adé, ìmọ̀ràn wisikí yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n má tẹ̀ lé, nítorí ọtí àti tábà pa pọ̀ a máa fi kún ewu jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun ju bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe lè ṣe é lọ.

Ọmọ Lísàbí, ẹ̀yin tí ẹ kò mu sìgá rí, ẹ wà ní ipò tí ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn mi ń wù láti padà sí. Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ ó máa mu ún, kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ó jìnnà síra, ní ìta gbangba, kí ó má sí ọmọdé tàbí aboyún nítòsí. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ara yín ń béèrè rẹ̀ láìsí àlejò, láìsí ayẹyẹ, ọjọ́ náà ni kí ẹ dá a dúró.

Adé Bódìjà (Ìbàdàn)

Mo gbọ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo sì dúpẹ́. Mo mú ọ̀rọ̀ wisikí kúrò.

Dérónkẹ́ Alákòókó (Oǹdó)

Ìbéèrè tí ó béèrè gan-an ni mo fẹ́ dáhùn, ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ahọ́n rẹ̀. Ìdí kòkó ni mo ti ń jẹun. Àwa tí a ń yẹ kòkó wò, a ní láti fi imú mọ èyí tí èéfín ti kọlù níbi tí wọ́n ti sá a, èyí tí ó bu, àti èyí tí wọn kò jẹ́ kí ó pé nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tí a bí mọ́ ọn. A kọ́ ọ nípa fífi méjì wé ara wọn lójoojúmọ́, títí imú fi mọ ohun tí ó ń wá.

Ọ̀gbẹ́ni, kédárì tí wọ́n ń sọ yẹn, ẹ ti gbóòórùn rẹ̀ rí? Bí ẹ kò bá tíì gbóòórùn rẹ̀, báwo ni ẹ ó ṣe rí i nínú èéfín? Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ná, kí ẹ lo ohun tí ó ti wà ní ìrántí ẹnu yín láti ìgbà èwe. Atare wà: bí ẹ bá rọra jẹ́ kí èéfín díẹ̀ gba imú jáde, tí ó sì ta yín níhò imú bí atare tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, ìyẹn ni àwọn kan ń pè ní ata dúdú. Iyẹ̀rẹ̀ tún yàtọ̀ sí i. Títa tirẹ̀ pẹ́, ó sì lóòórùn. Ẹ̀pà yíyan wà, àti ẹ̀pà tí ó jóná díẹ̀. Ìkorò obì tí omi tútù ń sọ di adùn wà, èyí tí ó yàtọ̀ pátápátá sí ìkorò ewúro. Kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan, lẹ̀bùlẹ́bú igi ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, awọ bàtà tuntun. Ẹ lọ gbé mélòó kan nínú wọn sórí àwo ṣáájú, kí ẹ gbóòórùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó tanná sí cigar yín. Èmi ń ṣe é pẹ̀lú ọkọ mi, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Omi lásán ni kí ẹ máa mu sí i. Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan, kí ẹ pín cigar náà sí mẹ́ta, kí ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ìdá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ bí ó ṣe rí lẹ́nu yín, kódà bí ó bá jẹ́ “ó dà bí èkuru gbígbẹ”. Ẹ má ṣe ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa rẹ̀ títí ẹ ó fi kọ tiyín tán. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ mu méjèèjì tí Ọmọ Ìjẹ̀bú wí, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín kan, kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Tampa)

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Àǹtí Dérónkẹ́ sọ, àfi ti méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín kì í ṣe kóró kòkó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ahọ́n yóò ti kún, kò sì ní lè ṣe ìdájọ́ èkejì. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí àárín wọn, kí ó jẹ́ àkókò kan náà, lẹ́yìn irú oúnjẹ kan náà. Àti pé, èéfín tí ń gba imú yẹn, kí ó jẹ́ ìwọ̀nba kín-ún gan-an, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gba ẹnu jáde.

Dérónkẹ́ Alákòókó (Oǹdó)

Ọ̀sẹ̀ kan ti pẹ́ jù fún ẹni tí kò tíì ní ìrántí adùn náà. Mo ṣì dúró lórí tèmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, kí ó gbìyànjú tiyín.

Baba Ìbejì (Súrùlérè)

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ibi tí ó ń kó wọn pamọ́ sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń jọ ara wọn, ó lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó ti gbẹ. Ilé ìtajà tí ń tan ẹ̀rọ amúlétutù láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó sì to cigar sórí pẹpẹ láìsí ohun tí ń fún un ní ọ̀rinrin, igi gbígbẹ ni ó ń tà fún yín. Ẹ rọra fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: ó yẹ kí ó fún yín láyè díẹ̀, kí ó sì padà sí bí ó ti wà. Bí ó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Nílé, ike oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa tó. Ẹ ra àpò Boveda 65 sínú rẹ̀, èyí tí ń tú ọ̀rinrin sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí ó sì ń fà á mọ́ra nígbà òjò. Ìwọ̀n ọ̀rinrin 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yẹ ẹ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò hu ebu, iná rẹ̀ yóò sì máa kú. Ewu tiwa níhìn-ín ni ooru, nítorí ẹyin kòkòrò tábà lè ti wà nínú ewé láti oko, bí ilé bá sì gbóná, wọn a pa, wọn a sì lu cigar ní ihò wínníwínní. Ẹni tí ó bá ní fìrísà tí iná rẹ̀ kì í kú lè dì wọ́n sínú ọ̀rá méjì, kí ó fi wọ́n síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó kó wọn sínú fìríìjì lásán fún ọjọ́ kan, kí ó tó gbé wọn jáde.

Ọmọ Oyè (Salvador, Bahia)

Ẹ má gbàgbé Brazil. Ní Recôncavo, agbègbè kan ní Bahia, ní àyíká Cruz das Almas, Cachoeira àti São Félix, wọ́n ń gbin ewé tí wọ́n ń pè ní Mata Fina; ó dúdú, ó sì ní adùn bí oyin ìrèké tí ó jóná. Ó bá ẹni tí ó fẹ́ràn dúdú ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ agbára mu. Èmi kì í lè mu ún láìrántí pé tábà agbègbè yìí kan náà, tí wọ́n lọ́ bí okùn tí wọ́n sì fi oyin ìrèké kùn, ni àwọn oníṣòwò Bahia ń kó lọ sí Ouidah, ní etíkun Benin, láti fi ra àwọn ènìyàn wa.

Ọmọ Lísàbí (Èkó)

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti gbìyànjú Padrón méjèèjì, mo sì tẹ̀ lé Ọmọ Ìjẹ̀bú lórí fífi àyè sí àárín méjèèjì. Mo jẹun tán, omi ni mo mu, mo sì fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú kí n má baà yára. Nínú èyí tí ó mọ́, mo gbọ́ ẹ̀pà yíyan, kò sí iyèméjì, atare sì wà nínú imú. Èyí tí ó dúdú jọ kòkó, ó dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀pà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Òòyì kò kọ́ mi. Nọ́ọ̀sì Abíkẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa, mo sì ti pinnu pé ìgbà tí a bá jókòó pọ̀ níta nìkan ni n ó máa mu ún, kò sì ní ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Ohun tí ó kù ni pé ní ìdá kẹta ó tún korò bí mo tilẹ̀ ń rọra fà á.

Àgbà Peckham (London)

Sọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Èéfín gbogbo èyí tí o ti fà ti kó ọ̀dà jọ sínú ìyókù, iná sì ti sún mọ́ ẹnu rẹ. Kò sí òfin tí ó ní kí ènìyàn mu ún tán, ibi tí adùn bá ti parí ni cigar náà ti parí. Má tẹ̀ ẹ́ pa, gbé e sí àwo eérú, yóò kú fúnra rẹ̀ láìrùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Tampa)

Ẹ̀pà àti atare tí o dárúkọ yẹn, mo mọ ibi tí ó yẹ kí o wá wọn lọ. Wá èyí tí ewé ìta rẹ̀ jẹ́ ti Cameroon. Ìlà oòrùn Cameroon àti ilẹ̀ Central African Republic ni irú ewé yìí ti wá. Ewé náà fẹ́lẹ́, bí o bá fi ìka tọ́ ọ, wàá gbọ́ kókó wínníwínní lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Arturo Fuente ní mélòó kan tí wọ́n fi í wé ní Dominican, ewé inú wọn kò sì le tó ti Nicaragua tí o mu yìí. Ra èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú wọn, kí o sì fi sínú ike rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó tanná sí i. Kọ tìrẹ sílẹ̀ kí o tó wá sọ fún wa.